Erè Kékeré Ilẹ̀ Wa: Láti Ilé Dangbé ní Ouidah Dé Àárín Ilé Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ ejò la gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sá o! Ejò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní oró, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣíwájú, tí sebé tẹ̀lé e, tí erè ń wọ́ tuurutu bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ọká àti sebé, oró ni wọ́n gbójú lé. Erè kò ní oró ní tirẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi ń di ẹran mú, á wé mọ́ ọn títí ẹran náà yóò fi kú, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e mì.

Nínú ìdílé erè, ọ̀kan wà tí kì í tóbi. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan ààbọ̀ lọ, abo a sì máa tóbi ju akọ. Ara rẹ̀ dúdú, ó ní àmì ńláńlá tí àwọ̀ wọn dà bí iyẹ̀pẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun. Inú ihò eku àti inú ọ̀gán ló máa ń gbé lọ́sàn-án, alẹ́ ló máa ń jáde. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà bu ènìyàn jẹ. Á ká ara rẹ̀ kò, á fi orí pamọ́ sí àárín. Nítorí èyí ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pè é ní ejò bọ́ọ̀lù. Àwọn Faransé ń pè é ní python royal, ìyẹn erè ọba, nítorí pé George Shaw, onímọ̀ ẹranko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní orúkọ tó jẹ mọ́ ọba nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1802. Àwọn aládùúgbò wa Fọ̀n àti Hueda ń pè é ní Dangbé, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n kí Shaw tó gbọ́ nípa rẹ̀ rárá.

Lónìí, ejò yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ejò tí àwọn ènìyàn ń sìn jù lọ nínú ilé ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní í nínú yàrá wọn. Wọ́n ń ra eku fún un, wọ́n ń gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ibo ni wọ́n ti rí i? Ọ̀dọ̀ wa ni: Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Ìtàn bí ó ṣe rìn dé ibẹ̀, àti ohun tí wọ́n kọ́ nípa bíbọ́ ọ àti ìlera rẹ̀, la fẹ́ sọ. Nínú ìtàn náà, a ó rí i pé ejò náà kò gbàgbé ilé, àwa tó ni ilé la fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ DANGBÉ JẸ́ ONÍLẸ̀

Kí Dahomey tó gba etí òkun, ìjọba kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Hueda. Savi ni olú-ìlú rẹ̀, Ouidah sì ni ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn òyìnbó ṣòwò. Dangbé ni òrìṣà tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Oníṣòwò ará Netherlands kan, Willem Bosman, tẹ ìwé jáde ní 1704 nípa ohun tó rí ní etíkun wa. Ó ní bí òjò bá pọ̀ jù, tàbí bí ọ̀dá bá dá, tàbí bí ilẹ̀ kò bá so èso, ọ̀dọ̀ ejò náà ni àwọn ará Hueda máa ń lọ bẹ̀bẹ̀.

Bosman sọ ìtàn méjì tí a kò lè fò dá. Èkíní jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n rí ejò kan nínú ilé ìṣòwò wọn, wọ́n pa á láìmọ ohun tó jẹ́, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun ilé àti ẹrù wọn. Èkejì ṣẹlẹ̀ ní 1697: ẹlẹ́dẹ̀ kan pa ejò kan jẹ. Àwọn àwòrò lọ fi ẹjọ́ sun ọba, ọba sì pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ náà. Wọ́n gbé kùmọ̀ àti idà, wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ kiri, kí ọba tó ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àṣẹ tó dáàbò bo ejò kan nìyẹn, ó sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba òde òní tó máa ṣe òfin fún ẹranko igbó. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ejò, tí ejò sì lè wọ inú ilé ọba àti ilé tálákà, eku kò ní rí ibi fara pamọ́ sí.

Ní 1727 ni Agaja, ọba Dahomey, ṣẹ́gun Savi. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogun náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1734 pé àwọn ọmọ ogun Dahomey ń gbé àwọn ejò náà sókè, wọ́n ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà lóòótọ́, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gba ara wọn là. Ejò kò fèsì. Wọ́n gé wọn lórí, wọ́n yan wọ́n lórí iná, wọ́n jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀ṣe kì í parẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba Dahomey fúnra rẹ̀ fi àyè gba ìsìn Dangbé, ìsìn náà kò sì kúrò ní Ouidah títí di òní.

Àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó lọ láti èbúté yẹn náà gbé e lọ pẹ̀lú wọn. Ní Brazil, àwọn ilé ìsìn tí wọ́n ń pè ní Jeje ń bọ Dan, àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ sì ń bọ Òṣùmàrè. Ní Haiti, Damballa ni wọ́n ń pè é. Ejò gidi kò bá wọn wọ ọkọ̀. Orúkọ àti oríkì rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ.

Ẹni tó bá dé Ouidah lónìí yóò rí ilé Dangbé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, Basilique de l'Immaculée Conception. Nínú ilé náà, àwọn ejò sùn lé ara wọn bí aṣọ tí a ká jọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́ wọn? Èyí ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn lálẹ́ kí wọ́n lọ wá oúnjẹ fúnra wọn nínú ìlú. Ẹni tó bá jí tó bá ọ̀kan nínú yàrá rẹ̀ kì í pa á. Á rọra gbé e, á dá a padà sí ilé rẹ̀. Ìtọ́jú tí àwọn baba wọn kọ́ nìyẹn: jẹ́ kí ó rí ilé gbé, jẹ́ kí ó jáde ṣọdẹ, má ṣe pa á lára.

BÍ Ó ṢE DI ỌJÀ

Ní ọ̀rúndún ogún, ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò rí i pé erè kékeré yìí kì í sábà bu ènìyàn jẹ, kì í tóbi, ó sì rọrùn láti fi ránṣẹ́ nínú àpótí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà lọ sí òkè òkun. Ní 1975 ni àdéhùn CITES, tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Erè kékeré wa wà nínú Àfikún kejì àdéhùn náà. Ìtumọ̀ èyí ni pé a lè tà á, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde láìní ìwé àṣẹ. Láti 1975 wá, èyí tó jáde láàyè láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ejò yìí máa ń gùn ara wọn nígbà òjò tó kẹ́yìn ọdún. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ẹ̀rùn ṣì mú, abo á yé ẹyin bíi mẹ́rin sí mẹ́jọ nínú ihò. Á wé ara rẹ̀ mọ́ wọn fún bí oṣù méjì, kò ní jẹun, títí wọn yóò fi pa. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn ọdẹ ejò máa ń gbé ọkọ́. Wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á kó abo tó lóyún tàbí ẹyin rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ibùdó ìsìn ejò. Ibẹ̀ ni ẹyin yóò ti pa, tí wọn yóò sì kó ọmọ ejò sínú àpò aṣọ, sínú àpótí, lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ètò náà ní kí wọ́n dá ìyá àti apá kan nínú àwọn ọmọ padà sí igbó.

Ọmọ ejò tí wọ́n kó láti oko wa ń di ohun iyebíye ní òkè òkun. Ní 1992, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bob Clark, mú kí ejò àfín méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́ irú rẹ̀ pa láti inú ẹyin ní ilé rẹ̀. Funfun àti pípọ́n bí ìyeyè ni wọ́n, ojú wọn sì pupa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn ni àwọn olùsìn ejò ti ń wá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tí wọ́n sì ń gbà á láti inú àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa. Ọdẹ tó gbẹ́ ihò kì í gbọ́ iye tí wọ́n tà á ní ìparí.

OHUN TÍ WỌ́N FI OJÚ RÍ KÍ WỌ́N TÓ MỌ̀ Ọ́N BỌ́

Ṣé ẹ rò pé òwò náà rọrùn fún àwọn tó rà á? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ejò àgbà tí wọ́n mú láti igbó ni kì í jẹun. Ẹni tó rà á á gbé eku funfun síwájú rẹ̀, ejò á wò ó, á yí orí padà. Ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan, oṣù mẹ́ta. Púpọ̀ nínú wọn kú bẹ́ẹ̀. Erè kékeré wa wá di olókìkí láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ejò tó máa ń kọ oúnjẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Èkíní, eku funfun inú àgò kọ́ ni ejò náà mọ̀ sí oúnjẹ. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní gúúsù Nàìjíríà, tó jáde ní 1998, fi hàn pé èyí tó ṣì kéré, tí gígùn rẹ̀ kò tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ẹyẹ ló ń jẹ jù. Èyí tó bá ti ju mítà kan lọ, eku ló ń jẹ jù. Àwọn olùsìn ejò rí i pé ejò tó kọ eku funfun máa ń jẹ eku ilé Áfíríkà, Mastomys, tí ọmú rẹ̀ pọ̀, bí wọ́n bá rí i fún un. Eku yìí kan náà ló máa ń wọ àká àgbàdo wa, òun náà ló sì ń gbé ibà Lassa kiri. Ejò náà mọ òórùn oúnjẹ ilé.

Èkejì, àsìkò. Ní ilẹ̀ wa, ejò yìí máa ń gbààwẹ̀. Abo tó ń sàba lórí ẹyin kì í jẹun, akọ tó ń wá abo náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wá oúnjẹ. Èyí tí wọ́n ń sìn ní London tàbí ní New York náà lè dédé dáwọ́ oúnjẹ dúró fún oṣù méjì sí mẹ́rin, kí ó má sì sí àìsàn kankan lára rẹ̀. A gbé e kúrò ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé ìgbà.

Ìmọ̀ tí wọ́n ti kó jọ la fẹ́ kí ẹ̀yin ará wa tó wà ní Paris, Cotonou tàbí Lomé mọ̀, pàápàá bí ọmọ yín bá ti ní ọ̀kan nínú yàrá.

Ọmọ ejò a máa jẹ ní ọjọ́ márùn-ún sí méje síra wọn. Àgbà a máa jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tí a ó fún un kò gbọdọ̀ tóbi ju ibi tí ara ejò náà ti tóbi jù lọ. Kò sí àǹfààní nínú kí a máa fún un ní oúnjẹ ní àjẹjù, nítorí ejò tó sanra jù kì í pẹ́ láyé.

Òkú eku ló dára, kì í ṣe ààyè. Eku tí ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀ kì í dúró kí ejò jẹ ẹ́ láìjà. Bí ebi kò bá pa ejò, tí a sì fi eku náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ di òwúrọ̀, eku ló máa jẹ ejò lára, nígbà mìíràn títí dé egungun. Eku tó wà ní firísà ni wọ́n ń rà. Wọ́n á jẹ́ kí ó yọ́ pátápátá, wọ́n á fi omi gbígbóná mú kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀mú mú un síwájú ejò. Ooru ara eku ni ejò fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ihò kéékèèké wà ní ètè rẹ̀ tó ń gbọ́ ooru, ìdí nìyẹn tó fi lè ṣọdẹ nínú òkùnkùn. Bí ó bá ti jẹun tán, kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún ọjọ́ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bì í.

Kí ni a ó fi mọ̀ bóyá ààwẹ̀ lásán ni tàbí àìsàn? Ìwọ̀n ni. Ẹni tó ń sin ejò gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n kékeré bí èyí tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun, kí ó máa wọn ejò náà, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó jẹun, ohun tó jẹ, ọjọ́ tó yàgbẹ́, ọjọ́ tó bọ́ awọ. Ejò tó gbààwẹ̀ oṣù mẹ́ta tí ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín, kò sí ìṣòro. Èyí tí ìwúwo rẹ̀ ti dín ju ìdá mẹ́wàá lọ, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ sókè ṣóńṣó, ó yẹ kí dókítà rí i.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ BÍ ARA RẸ̀ BÁ LE

Ejò kì í kígbe. Ojú ni a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ooru ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ejò kì í ṣe ooru ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tó wà ló ti ń gbà á. Apá kan ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 31 sí 33 Celsius, kí apá kejì tutù tó 25 sí 27, kí ó lè yan èyí tó fẹ́. Bí òtútù bá mú un, oúnjẹ á jẹrà nínú rẹ̀. Ó sì ń fẹ́ ihò tó há, méjì ó kéré tán, nítorí pé inú ọ̀gán àti ihò eku ni a bí i sí. Ilé gíláàsì tí kò ní ibi ìfarapamọ́ dà bí kí a mú ọmọ kan lọ sùn ní àárín ọjà.

Bí ó bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, á dà bí ìgbà tí ìkùukùu bo òṣùpá. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ojú á tún mọ́, ìgbà náà ni awọ á bọ́. Awọ tó dára máa ń bọ́ lódindi, láti orí dé ìrù, pẹ̀lú èyí tó bo ojú. Bí ó bá ń ya wẹ́wẹ́, ọ̀rinrin kò tó nínú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ya ètè wa yóò mọ̀ pé ìyà náà kò kéré.

Ẹ máa wo ẹnu àti imú rẹ̀. Ejò tó ń la ẹnu mí, tí itọ́ ń hó ní ẹnu rẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń dún, àyà ń dùn ún, kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo wò. Ní 2014 ni àwọn onímọ̀ ṣe àwárí kòkòrò àrùn nidovirus tó máa ń fa irú àìsàn yìí nínú ẹ̀yà erè wa. Ní 2012 ni wọ́n mọ irú kòkòrò tó ń fa àrùn kan tó ń da ọpọlọ ejò rú, tí ejò á máa gbé orí wo òkè. Kò tíì sí oògùn tó ń wo àwọn méjèèjì sàn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ya ejò tuntun sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bá àwọn yòókù gbé.

Ẹ máa wo awọ rẹ̀ pẹ̀lú. Eégbọn máa ń wà lára ejò tí wọ́n mú láti igbó, wọ́n sì ti bá òwò yìí rìn dé ilẹ̀ òkèèrè. Kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó jọ èyí tó máa ń wà lára adìẹ, náà ń fara pamọ́ sí ìgún ojú àti abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀. Ejò tó ń fi gbogbo ọjọ́ sùn sínú omi, ó ṣeé ṣe kí ara ń yún un. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí pé ejò tí ara rẹ̀ le pàápàá lè gbé kòkòrò salmonella, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọlé.

Àìsàn kan tún wà tó jẹ́ pé ènìyàn ló fà á. Ní 1999, ejò kan tí àmì ara rẹ̀ dà bí òwú aláǹtakùn dé Amẹ́ríkà láti Áfíríkà. Wọ́n pè é ní Spider. Ó lẹ́wà, wọ́n sì mú ọmọ púpọ̀ jáde láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó jogún àwọ̀ yẹn ló jogún àìsàn pẹ̀lú rẹ̀: orí wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń yí ọrùn sódì, nígbà mìíràn wọ́n ń gbìyànjú láti gbá eku mú, wọ́n á tàsé. Kò sí oògùn rẹ̀, nítorí àwọ̀ àti àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà wọ́n. Ẹwà lásán ni wọ́n ń rà.

ÈYÍ TÓ GBÓ JÙ, ÀTI ÀWỌN TÓ KÙ NÍ ILÉ

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìtọ́jú wọn kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1961, ọgbà ẹranko ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà gba abo erè kékeré kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sìn ín. Ní oṣù keje 2020, abo yìí kan náà yé ẹyin méje. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí akọ kankan ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Ẹ rò ó wò: kí Dahomey tó yí orúkọ padà di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975 ló ti wà nínú ilé yẹn. Ẹni tó bá ra ejò fún ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ.

Àwọn tó kù ní ilé ńkọ́? Ní 2021, àjọ IUCN tó ń ṣọ́ ẹranko àgbáyé yẹ ọ̀ràn erè kékeré wò, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tó ti ń súnmọ́ ewu. Òwò òkè òkun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. A ń jẹ ẹran rẹ̀, a ń ta awọ àti orí rẹ̀ ní ọjà àwọn elégbòogi, a ń dáná sun igbó, oko òwú àti àgbàdo sì ń gba ilẹ̀ tó ń gbé. Ìyá tí wọ́n hú jáde nígbà tó ń sàba, ihò rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà sí igbó gẹ́gẹ́ bí ètò ṣe wí, ilé wo ni yóò wọ̀?

Àgbẹ̀ wa ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá pa ejò inú ọ̀gán yóò ra oògùn eku ní ọjà. Oògùn eku náà yóò pa adìẹ, yóò pa ajá, eku mìíràn yóò sì tún dé. Ejò tó ń jẹ eku lóko wa láìgba owó, láìbu ènìyàn jẹ, òun la ń hú tà.

A kò sọ pé kí gbogbo wa di olùsìn Dangbé. Mùsùlùmí wà nínú wa, Kristẹni wà nínú wa, àwọn oníṣẹ̀ṣe wà nínú wa. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Ouidah mọ̀ yẹn, pé ẹ̀dá kan wà tí a kì í pa, tí a kàn ń gbé kúrò lọ́nà, a lè mọ̀ ọ́n láìbọ òrìṣà. Bí o bá rí abo tó wé mọ́ ẹyin nínú oko rẹ láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, bu iyẹ̀pẹ̀ bo ẹnu ihò náà díẹ̀, kí o ro ibòmíràn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọká àti pàràmọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà fi ọwọ́ kan èyí tó ní oró nítorí èyí tí kò ní. Ẹ̀yin ará wa tó wà lẹ́yìn odi, bí ọmọ yín bá fẹ́ sin ọ̀kan dandan, ẹ ra èyí tí wọ́n bí sí ilé, ẹ má ra èyí tí wọ́n hú láti ilẹ̀ baba yín. Kí ẹ sì kọ́kọ́ ra ìwọ̀n kí ẹ tó ra ejò.

Àwọn òyìnbó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ejò wa, bí wọ́n ṣe ń mú ara eku gbóná fún un, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó dára. Àwa tí ejò náà ń gbé inú ọ̀gán oko wa, iṣẹ́ tiwa kò tó ìdajì iṣẹ́ wọn: kí a fi ihò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá àgbà nílé kí wọ́n tó sùn lálẹ́ òní: kí ni wọ́n ń pe erè kékeré yìí ní ìlú yín, ṣé wọ́n máa ń pa á, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ fún wa. Ìtàn tí a kò bá kọ, ìlẹ̀kùn ló ń bá ẹni tó mọ̀ ọ́n pa dé.